Bààlúù Tí Èkùrọ́ Rà

Lọ́dún 1976, bí ẹ bá dé àdúgbò kan ní Sùúrùlérè, tí ẹ béèrè ilé Olúdayọ̀ Ọlápàdé, akọ̀wé rélùwéè, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Bàbá Ó-kù-díẹ̀ lẹ ń wá, ọmọ kékeré á mú yín débẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ra orúkọ náà. Bí ẹ bá bi í pé rédíò tó tú palẹ̀ ńkọ́, á ní ó kù díẹ̀. Àga tó ń kàn náà, ó kù díẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, ó sì fi ògiri ṣe ẹ̀kẹrin. Aago tó gbà lọ́wọ́ àlùfáà ìjọ wọn láti bá a tún ṣe, ó kù díẹ̀. Àlùfáà náà sì ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Olúdayọ̀ kì í bínú sí orúkọ yìí. Òun gan-an ló máa ń sọ pé ẹ̀bùn kí èèyàn tú nǹkan palẹ̀ ni Ọlọ́run fún òun, pé ẹni tí yóò máa tò ó padà ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Caroline ìyàwó rẹ̀ kò rí ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ náà. Àránṣọ ni. Inú yàrá ló ń rán an sí, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, níbi tí orúnkún rẹ̀ ti ń gbá igi bẹ́ẹ̀dì, tí ìmọ́lẹ̀ kò sì tó láti fi ki òwú sójú abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ tábìlì ńlá kan wà ní pálọ̀, lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí oòrùn ti ń wọlé wá láti àárọ̀. Orí tábìlì yẹn ni gbogbo ó-kù-díẹ̀ ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí. Ọdún gorí ọdún ló fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun kó wọn kúrò.

Lọ́jọ́ kan, ẹrù dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Kíkẹ́, àkọ́bí wọn, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, fi páálí kan rán ẹnì kan sí bàbá rẹ̀. Àwòrán bààlúù ajagun wà lára páálí náà, irú èyí tí wọ́n fi bá Hítílà jà. Ike wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, tí èèyàn yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra, tí yóò kùn lọ́dà, títí tí yóò fi di bààlúù kékeré tí èèyàn lè gbé lé àtẹ́lẹwọ́. Olúdayọ̀ gbé páálí náà mọ́ àyà.

Kíkẹ́ mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà ogun Hítílà, nígbà tí bàbá rẹ̀ wà nílé-ìwé ní Yaba, tíṣà wọn ní kí gbogbo ọmọ máa pa èkùrọ́ wá. Wọn yóò tà á, owó rẹ̀ yóò sì kún èyí tí wọn yóò fi ra bààlúù ajagun. Tíṣà ní ọmọ tó bá pa èkùrọ́ ní ìpín nínú bààlúù náà. Olúdayọ̀ pa èkùrọ́ bí ẹni tí wọ́n ṣépè fún. Lọ́jọ́ kan òkúta yẹ̀, ó bà á ní àtàǹpàkò, èékánná ibẹ̀ kò sì hù dáadáa mọ́ dòní. Bí bààlúù bá ti ń kọjá lókè, òun àti Àkàngbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sáré jáde, wọn á máa juwọ́ sí i, "Bààlúù wa rèé o!" Lẹ́yìn náà wọn á jà lórí ibi tí ìpín kálukú wà. Olúdayọ̀ ní ìyẹ́ apá ọ̀tún ni tòun. Àkàngbé ní irọ́ ni, èkùrọ́ tó pa kò lè ra ju ìṣó kan lọ.

Ogun parí, bààlúù kò yà kí wọn. Olúdayọ̀ dàgbà, ó gbéyàwó, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ara rẹ̀ yẹ̀yẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní gbogbo Kérésìmesì. Síbẹ̀, bí bààlúù bá kọjá lórí Sùúrùlérè, ojú rẹ̀ ṣì máa ń lọ sókè. Ó ń dùn ún, ká má purọ́.

"Bàbá Kíkẹ́," ni Caroline wí, "ṣé orí tábìlì yẹn náà lèyí ń lọ?"

"Èyí yàtọ̀, Caro. Màá parí ẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìkórè."

Caroline wò ó tìtí. "Ó dáa. Tó bá parí kó tó di ìkórè, mi ò ní dárúkọ tábìlì mọ́ láyé mi. Tí ò bá parí, gbogbo pàǹtí yẹn di ti àwọn tó ń ra irin àlòkù, màṣíìnì mi á sì jókòó sí ojú fèrèsé. Àlejò tó bá kọ́kọ́ wọlé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà ló máa dájọ́."

Ó gbà. Ẹnu ló fi gbà; inú rẹ̀ ń bi í pé ta ló rán an níṣẹ́.

Ẹ wá wo akọ̀wé rélùwéè níbi tó ti ń kan bààlúù. Ìwé tó ń júwe iṣẹ́ náà wà nínú páálí, ó sì kà á bó ṣe ń ka Bíbélì, ìyẹn ni pé ibi tó wù ú ló kà. Ó lẹ ìyẹ́ apá, ó lẹ ìka ara rẹ̀ mọ́ ọn. Caroline ló bá a fà á kúrò tòun ti awọ, ó sì padà sídìí màṣíìnì rẹ̀ nínú yàrá, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ó lẹ apá ọ̀tún sí òsì, ó tún un ṣe. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wá so pọ̀, tó ti fi gíláàsì kékeré dé e lórí, tó fẹ̀yìn tì kó lè wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó rí ọkùnrin oníke bíńtín kan lórí tábìlì. Awakọ̀ ni. Ó ti tìlẹ̀kùn mọ́ dírẹ́bà síta.

"Ìwọ náà, kí ló dé tó ò pariwo?" ló bi í.

Ọ̀bẹ ìdáná ló fi ṣí gíláàsì náà, tó fi ki dírẹ́bà wọlé. Gọ́ọ̀mù yí gíláàsì, ó wá dà bíi pé inú ọyẹ́ ni ọkùnrin náà ti ń wa ọkọ̀.

Ó wá ku kíkùn. Kíkẹ́ ti fi agolo ọ̀dà kéékèèké sínú páálí, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti ṣí wọn wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì dé wọn padà. Gbogbo wọn ti gan bí òkúta. Olúdayọ̀ jókòó, ó mọ ara rẹ̀. Irú ibi báyìí ni rédíò kú sí, ibẹ̀ náà ni àga kú sí. Ó-kù-díẹ̀ ti dé ètè rẹ̀ kó tó rí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀. Ó dìde, ó fi táwẹ́ẹ̀lì di bààlúù náà, ó mú páálí rẹ̀ dání, ó di Ìdó.

Yẹ̀kínnì ló lọ bá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó máa ń kun bọ́lẹ̀kájà ní ibùdókọ̀ Ìdó.

"Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò wo lẹ gbé wá yìí?"

"Bààlúù ni. Wo àwòrán tó wà lára páálí yìí. Bó ṣe rí níbẹ̀ ni kó o ṣe é. Má fi nǹkan kan kún un o."

"Ẹ má worry, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ padà wá ní Sátidé."

Nígbà tó padà dé, ayọ̀ kún inú rẹ̀. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ erùpẹ̀ wọnú ara wọn gẹ́gẹ́ bíi ti páálí, àwọn àmì roboto ara ìyẹ́ apá sì dọ́gba rẹ́gí. Ló bá yí i padà. Lábẹ́ ìyẹ́ apá, pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá aláwọ̀ òféèfèé, Yẹ̀kínnì ti kọ BÓ PẸ́ BÓ YÁ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí dírẹ́bà jókòó sí, ó fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn lọ́rì: O. ỌLÁPÀDÉ, SURULERE.

"Yẹ̀kínnì! Ṣé mi ò ní kó o má fi nǹkan kan kún un ni?"

"Mi ò fi nǹkan kan kún un, Ẹ̀gbọ́n. Orúkọ olówó ọkọ̀ nìyẹn. Mọ́tò kankan ò gbọdọ̀ kúrò níwájú mi láìní orúkọ olówó ẹ̀ lára. Tí ọlọ́pàá bá dá a dúró ńkọ́?"

"Lókè ọ̀run?"

"Ibikíbi. Law ni."

"Èyí tó wà lábẹ́ apá ńkọ́?"

"Ìyẹn, jàárá ni."

Olúdayọ̀ wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìbínú. Ó tú táwẹ́ẹ̀lì, ó fẹ́ fi èékánná ha orúkọ náà kúrò kí ọ̀dà tó gbẹ tán. Èékánná tó bàjẹ́ yẹn ló fi ń ha á, kò sì ha nǹkan kan. Ló bá jókòó tó ń wo orúkọ ara rẹ̀. Tíṣà ti sọ pé ó ní ìpín níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sí ibì kankan rí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, lójú gbogbo èrò. Obìnrin tó jókòó tì í wo ohun tó wà nínú táwẹ́ẹ̀lì, ó sì rọra sún kúrò.

Nígbà tí ìsìn ìkórè parí, Àkàngbé ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ti ń ta pákó ní Oto báyìí, ó sì ti di bàbá àgbà. Wọ́n ti fi òwú Caroline so bààlúù náà kọ́ sókè tábìlì.

"Bọ̀dá Àkàngbé, ẹ̀yin lẹ máa dájọ́," ni Caroline wí. "Ó parí àbí kò parí?"

Àkàngbé rí BÓ PẸ́ BÓ YÁ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó yí i díẹ̀, ó sì ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ nìkan? Ṣé ìwọ nìkan lo pa èkùrọ́ ni, Dayọ̀?"

"Ṣebí ìwọ lo ní ìṣó kan ni mo ní níbẹ̀?"

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Ìṣó tèmi dà?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó yíjú sí Caroline. "Kò tíì parí, ìyàwó wa. Ó kù díẹ̀."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Olúdayọ̀ lanu kó jiyàn, torí tábìlì ń lọ. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Òótọ́ ló sọ," ló wí. "Ó kù díẹ̀." Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé rédíò kúrò lórí tábìlì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Caroline jókòó sí ojú fèrèsé, òwú sì wọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ rẹ̀ wà ní Ìdó. Yẹ̀kínnì yẹ bààlúù náà wò, ó ní ààyè kò sí mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ olówó ọkọ̀, níbo ni kí òun kọ ti Àkàngbé sí.

Olúdayọ̀ ní kó kọ ọ́ sórí ìyẹ́ apá ọ̀tún.