Ajá Tí Comfort Ń Bọ́ Ní Kọ̀rọ̀

Ọdún tí ìjọba sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ni òkété yọ Jacob lẹ́nu jù lóko rẹ̀ tó wà lẹ́yìn Ìṣẹ́, lójú ọ̀nà Ẹmùrè. Bó bá gbin ẹ̀gẹ́, wọn á ti hú u kí ó tó ta gbòǹgbò. Ẹyìn tó bá kó pamọ́ sábẹ́ ahéré, wọn á wọ́ ọ lọ sínú ihò. Ó dẹ pàkúté títí ó sú u. Ìgbà náà ló sọ fún Comfort ìyàwó rẹ̀ pé òun máa gba ọmọ ajá kan lọ́wọ́ Yéwándé, òun á sì kọ́ ọ ní ọdẹ.

Comfort ń ro ọkà lórí iná nígbà tó sọ ọ́. Ó kàn ń ro ó lọ títí ọkà náà fi le ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyàwó Fúnṣọ́, ẹ̀gbọ́n Jacob, ni Yéwándé. Ọdẹ ni Fúnṣọ́, àwọn ajá rẹ̀ ló sì fi sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà ilé pe Jacob jókòó, wọ́n ní kó ṣú opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Jacob ní òun ti fi òrùka sí Comfort lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òun ò lè fẹ́ ẹlòmíràn lé e. Comfort wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Wọ́n sọ ọmọ ajá náà ní Ìfura. Abo ni, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, etí rẹ̀ kan sì ṣẹ́ wálẹ̀. Láràárọ̀ ni Jacob ń mú un lọ sí oko Yéwándé lódìkejì odò, nítorí obìnrin náà mọ iṣẹ́ yìí. Ó ti bá Fúnṣọ́ rìn nínú igbó dáadáa kí ikú tó dé. Ó máa ń wọ́ awọ òkété nílẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ dé ẹnu ihò, kí Ìfura máa gbóòórùn rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó máa ń jẹ́ kí ìyá ajá náà ṣáájú, kí ọmọ lè mọ ihò tí nǹkan wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti ṣófo.

Nígbà tí Jacob bá padà dé, ọ̀rọ̀ Yéwándé ni yóò máa fi jẹun. Ìyá Abíọ́lá, bó ṣe máa ń pe Yéwándé, ní kí a má nà án. Ìyá Abíọ́lá ní ajá kì í jẹun kó tó lọ sígbó, ebi ni í mú kó wá nǹkan. Comfort á máa bu ọbẹ̀ fún un, inú rẹ̀ á sì máa gbóná bí ẹni gbé omi ata mì.

Lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń lọ ṣẹ́gi, ó gba ọ̀nà odò lọ. Ó dúró lẹ́yìn igi obì, ó sì rí wọn. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ sí ẹnu ihò kan, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, ọwọ́ Yéwándé wà lẹ́yìn ajá. Ìfura ki imú bọ ihò, eruku kó sí i nímú, ó sín. Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín. Comfort ò rántí ìgbà tí Jacob ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nílé. Bó bá jẹ́ pé ó ká ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni, ì bá mọ ohun tó máa sọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń bọ́ ajá náà ní kọ̀rọ̀. Kí Jacob tó jí, á ti gbé àjẹkù iyán àti orí ẹja gbígbẹ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, á sì dúró tì í títí á fi lá àwo náà mọ́. Bí Ìfura bá dé ẹnu ihò, á kàn sùn sílẹ̀, á fi orí lé ẹsẹ̀. Jacob ní ajá náà ya ọ̀lẹ. Comfort rò pé ọkọ òun máa jáwọ́ ni. Jacob ò jáwọ́ o. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ò wọlé, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú.

Ọ̀sán kan tí Jacob lọ wọn kòkó tà, Yéwándé wá sílé. Ó kí Comfort, ó pe Ìfura, ó sì fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀.

“Ìyàwó, ajá yìí ti ń yó kó tó kúrò n'úlé.”

Comfort ń wo ilẹ̀.

“Bí mo bá fẹ́ Jacob, ọjọ́ tí àwọn àgbà pè é ni ǹ bá ti fẹ́ ẹ. Èmi ni mo ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n má fi dandan mú un. Ohùn Fúnṣọ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Mi ò lè máa gbọ́ ohùn yẹn nínú yàrá.” Yéwándé fi ajá sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ. Lóko, ó máa ń wù mí kí n gbọ́ ọ.”

Ọ̀rọ̀ náà mú ìbínú wá fún Comfort, ó sì tún mú ìtura wá.

“Ìyá Abíọ́lá, ẹ má kọ́ ọkọ mi mọ́. Èmi ni kí ẹ kọ́.”

Bí iṣẹ́ ajá náà ṣe di ti obìnrin méjèèjì nìyẹn. Jacob ò lè sọ pé rárá, torí wọ́n ní iṣẹ́ kòkó ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfura ò sì nílò kí wọ́n fi okùn fà á. Ẹni tó ti ń fún un ní orí ẹja ló ń tẹ̀ lé.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí ajá ò tíì jẹ nǹkan kan, ó dúró sí ìdí ọ̀pẹ kan, ìrù rẹ̀ le gan-an. Wọ́n fi òkúta dí àwọn ẹnu ihò, wọ́n fi méjì sílẹ̀, wọ́n dá iná imọ̀ ọ̀pẹ sí ọ̀kan, wọ́n sì fẹ́ èéfín wọlé. Ìfura ki orí bọ ihò kejì. Òkété gé e nímú jẹ, ó ké, ó sì sá wá bá Comfort lẹ́sẹ̀.

“Má gbé e,” ni Yéwándé wí.

Ó wu Comfort kó gbé e. Kò gbé e, ó nawọ́ sí ihò náà. Ajá náà gbọn orí, ó padà, ẹ̀jẹ̀ ń kán ní imú rẹ̀, nígbà tó sì tún jáde, òkété ńlá ló fi ẹnu wọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni Comfort la ikùn ẹran náà, ó sì kó ìfun fún un.

Ibẹ̀ ni Jacob bá wọn, èéfín ti sọ ojú wọn dúdú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó pe Ìfura. Ajá náà gbé orí sókè, ó wo Comfort, ó sì padà sórí ìfun. Jacob gbé ọkọ́ rẹ̀, ó lọ roko. Alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun lòun gba ajá, pé kí wọ́n rántí. Comfort ní òun rántí.

Ìfura bímọ nígbà tó yá, àwọn ènìyàn láti Ẹmùrè àti Ìkẹ́rẹ́ sì ń wá bẹ Comfort, kì í ṣe Jacob, pé kó fún wọn ní ọ̀kan. Owú ò tán lọ́kàn rẹ̀ o. Bí Yéwándé bá ránṣẹ́ sí Jacob pé kó wá bá òun bo orí àká, Jacob á lọ. Comfort náà á wé gèlè, á mú àdá, á sì bá a lọ.