Àwo Adelaida

Fermin Pascua kì í jẹun kí ìyàwó rẹ̀ tó jẹun. Ìyàwó rẹ̀ sì ti kú.

Bí ilé tí Leonila wọ̀ ní Waipahu, ní Hawaii, ṣe rí nìyẹn. Ilé pákó, igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, àkùkọ aládùúgbò tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó kọ. Nínú pálọ̀, tábìlì kékeré kan lábẹ́ àwòrán obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín. Lórí tábìlì náà, àwo kan. Ìrẹsì gbígbóná, ẹja, ẹyin, nígbà mìíràn ife kọfí. Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́.

Kò sẹ́ni tí yóò bá a wí láàárín àwa tí a jọ ti òkè òkun wá. Atang ni, oúnjẹ tí a bù fún àwọn tó ti lọ. Ẹni tí kò bá bu atang, irú ọmọ wo nìyẹn? Ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí à ń bù ú. Ọjọ́ àwọn òkú. Ọjọ́ ìrántí. Ọjọ́ tí àìsàn bá dé tí a kò mọ ibi tó ti wá. Fermin ń bu tirẹ̀ bí ẹni ń bu oúnjẹ fún aya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ wọlé.

Bacarra, ìlú kan nílé wa lókè òkun, ni Nila ti wá, Nila ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti lé lógójì ọdún, kò lọ́kọ rí. Bàbá rẹ̀ rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, òun ló tọ́jú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi gbà á. Fermin wálé wá sìnkú àbúrò ìyá rẹ̀, ó rí i níbi tó ti ń dáná fún àwọn tó wá kẹ́dùn. Kò fi ẹnu dídùn wá a. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé o lè gbé nínú ilé tó pa rọ́rọ́?"

Nila rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Bacarra. Nígbà tó dé Hawaii, káàdì ìgbélùú ọlọ́dún méjì ni ìjọba fún un, nítorí ìgbéyàwó náà ṣì tutù. Kí ọdún méjì náà tó pé, tọkọtaya ní láti jọ fọwọ́ síwèé pé tòótọ́ tòótọ́ ni àwọn fẹ́ra. Ìgbà yẹn ni yóò tó di olùgbé láìsí àmọ́. Bí wọn ò bá ṣe é, káàdì kú. Wọ́n sì lè dá a padà síbi tó ti wá. Ní Waipahu, a mọ òfin yìí bí a ṣe mọ Baba Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run.

Wọ́n fẹ́ra. Kí n sọ ìyẹn kó yé wa. Fermin ló mú un wọ bọ́ọ̀sì títí ó fi mọ ọ̀nà ilé ìtura tó ti ń tún yàrá ṣe ní Waikiki. Fermin ló ń gbé omi gbígbóná síwájú rẹ̀ lálẹ́ kó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó ń bó máńgòrò fún un, ó ń gé e wẹ́wẹ́, bí ẹni ń fún ọmọ.

Lẹ́yìn náà, àwọn nǹkan kéékèèké.

Aṣọ obìnrin ní ìdajì kọ́bọ́ọ̀dù. Kò kúrò níbẹ̀.

Àga kan nídìí tábìlì oúnjẹ. "Kì í ṣe orí ìyẹn, Nila."

Òórùn òróró àgbọn nínú yàrá. Nila kì í fi òróró àgbọn para.

Ìró sálúbàtà lọ́dẹ̀dẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì ti dùbúlẹ̀. "Ilé ti gbó," Fermin á wí. "Pákó ló ń na ara." Ṣùgbọ́n òun náà á máa tẹ́tí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi orúkọ pè. Adelaida, bá mi mú iyọ̀ wá. Á tọrọ àforíjì. Nígbà tó yá, kò tọrọ àforíjì mọ́. Nígbà tó yá sí i, Nila ń dáhùn.

Ibà wá dá Nila dúbúlẹ̀. Ibà tí kò gbọ́ oògùn. Fermin gbé ọwọ́ lé iwájú orí rẹ̀, ó ní, "Ó kí ọ ni." Ní ilẹ̀ wa, bí òkú bá kí alààyè, ara alààyè kì í gbà á. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó se ìrẹsì olóyin, ó bu atang tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nila gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Má bínú, Adelaida. Kò ní pẹ́ níbí."

Ní òwúrọ̀, nígbà tí Fermin lọ síbi iṣẹ́, Nila kó aṣọ díẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kalihi, lọ bá Conching, ìbátan rẹ̀. Conching ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ rẹ̀ lọ. Manang ni Nila ń pè é, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin; Manong ni ti ọkùnrin.

"Ta ló lé ọ?"

"Kò sẹ́ni tó lé mi, Manang."

"Ó nà ọ́?"

"Manong Fermin? Kò lè pa eṣinṣin."

"Obìnrin ni, àbí?"

Nila mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo mọ̀! Àwọn oníwà-pẹ̀lẹ́ yẹn! Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ó ti kú, Manang."

Conching ya àmì àgbélébùú. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀. "Yéè. Ìyẹn ló burú jù. Alààyè, à bá lọ fà á nírun tu."

Nila ń gbé lọ́dọ̀ Conching, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń sùn. Káàdì rẹ̀ ń gbó lọ. Kò bà á lẹ́rù. Àṣìṣe rẹ̀ nìyí, àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe: ní ilẹ̀ tí a ti wá, òfin kò mọ ìkọ̀sílẹ̀. Ọkọ lè wà ní Laoag kí aya wà ní Bacarra fún ogún ọdún, kí wọ́n má ríra, tọkọtaya ni wọ́n. Àlùfáà mọ̀, ìjọba mọ̀. Nítorí náà, Nila gbà pé ìyàwó Fermin ni òun. Òun kàn ń gbé níbòmíràn.

Conching ló wọ́ ọ lọ bá Lọ́yà Higa, obìnrin kan tó ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbọ̀ngàn ìjọ wa.

"Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa," Lọ́yà wí. "Bí ọkọ yín bá bá yín fọwọ́ sí i, ẹ lè jọ kọ̀wé. Ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè ibi tí kálukú ń sùn, ẹ ò sì gbọdọ̀ purọ́. Bí ẹ bá ti kọra yín nílé ẹjọ́, ẹ lè dá lọ, kí ẹ fi hàn pé òótọ́ ni ìgbéyàwó náà nígbà tí ẹ ṣe é. Kò nà yín, ẹ ò lè gba ọ̀nà ti ẹni tí wọ́n nà. Àárín tí ẹ dúró sí yìí, ẹ ò sí lọ́dọ̀ ọkọ, ẹ ò sì kọ ọkọ. Àárín yẹn ni kò ní ilẹ̀kùn."

"Ìkọ̀sílẹ̀ kẹ̀? Lọ́yà, ní ìlú wa, ikú nìkan ló ń tú tọkọtaya ká."

"Ti Fermin," Conching wí, "ikú gan-an kò rí i tú."

Lọ́yà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Nila, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nila padà sí Waipahu lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ìwé tí wọ́n máa jọ fọwọ́ sí wà nínú báàgì rẹ̀. Fermin ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù. Ó ní, "Wọlé, oúnjẹ ti jinná," bí ẹni pé àná ló jáde.

Tábìlì kékeré wà níbẹ̀. Àwo méjì ló wà lórí rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Adelaida, àwòrán òun fúnra rẹ̀. Nila nínú aṣọ ìgbéyàwó, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Bacarra. Àbẹ́là kékeré níwájú rẹ̀.

"Manong, ta ló ni ìkejì?"

"Tìẹ ni."

"Tèmi?"

"O ò sí nílé mọ́," Fermin wí. "Mi ò mọ ibi tí ebi ti ń pa ọ́."

Kò sí ibi nínú ohùn rẹ̀. Ìyẹn ló dẹ́rù ba Nila. Ọkùnrin yìí ń fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù tó mọ̀.

Nila pa àbẹ́là náà. Ó gbé àwo tirẹ̀ kúrò lórí tábìlì òkú. Ó gbé e lọ sídìí tábìlì oúnjẹ, ó jókòó lórí àga tí a kì í jókòó lé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ìrẹsì ti tutù. Ilá àti ìgbá. Ẹja. Ó jẹ ẹ́ tán, Fermin dúró, ó ń wò ó.

"Ẹ wò mí, Manong. Egungun ẹja rèé. Òkú kì í jẹ ẹja kó ku egungun."

Fermin jókòó. "Padà wálé," ó wí. "Mo ti bi Adelaida. Ó ní kò burú. Mo máa bá ọ fọwọ́ sí ohun tó o bá mú wá."

Ìwé wà nínú báàgì. Kálàmù náà wà níbẹ̀. Ó rọrùn. Kí ó kàn gbé aṣọ rẹ̀ kọ́ sí ìdajì kọ́bọ́ọ̀dù, kó máa dáhùn bí wọ́n bá pe Adelaida, kí ọdún yí, kí káàdì dé.

"Ìwé mìíràn ni kí ẹ bá mi fọwọ́ sí," Nila wí. "Ti ilé ẹjọ́."

"Nila. A kì í kọ aya níbi tí a ti wá."

"A kì í. Ikú nìkan ni. Ẹ sì ti gbé mi sọ́dọ̀ àwọn òkú. Ẹ tú mi sílẹ̀, Manong."

Fermin sunkún, Nila náà sunkún. Nígbà tí Nila mú ìwé ilé ẹjọ́ padà wá, Fermin fọwọ́ sí i. Ìdájọ́ jáde kí káàdì tó kú. Lọ́yà Higa kọ̀wé lórúkọ Nila nìkan, ó so àwòrán mọ́ ọn, ìwé owó orí tí wọ́n jọ san, ẹ̀rí àwa aládùúgbò.

Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Lẹ́nu ọ̀nà, Lọ́yà dì í lápá mú. "Mo bẹ̀ yín, ẹ má dárúkọ iwin. Ẹ sọ pé ó ṣì ń ṣọ̀fọ̀."

Òṣìṣẹ́ náà jẹ́ àgbàlagbà, ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀.

"Ẹ ní ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kúrò?"

"Mo gbọ́ tó ń bẹ ìyàwó rẹ̀ pé mi ò ní pẹ́."

"Ìyàwó rẹ̀ wo?"

"Adelaida."

"Ó ní ìyàwó méjì?"

Lọ́yà di ojú.

"Ó ti kú, sà. Kò kàn tíì lọ ni."

Òṣìṣẹ́ náà gbé kálàmù sílẹ̀. "Màdáámù, iṣẹ́ mi ni láti mọ̀ bóyá nítorí káàdì lẹ ṣe fẹ́ ẹ."

Nila ronú. Kò kánjú.

"Bó bá jẹ́ nítorí káàdì ni, sà, ǹ bá ti dúró. Ó ti ṣe tán láti fọwọ́ sí i. Ìwọ̀nba oṣù ló kù. Ẹni tó wá gba káàdì, kí ló kàn án bí wọ́n bá ń forúkọ òkú pè é? Á jẹ́ ẹ ni, á máa ka oṣù. Èmi, ó dùn mí. Mo fẹ́ kó pe orúkọ mi."

Òṣìṣẹ́ náà wò ó títí. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Kò béèrè ohun mìíràn nípa Adelaida.

Káàdì ọlọ́dún mẹ́wàá dé ní àsìkò òjò. Kò sí àmọ́ kankan lórí rẹ̀ mọ́. Conching ta ijó nínú ilé ìdáná, àwọn arúgbó rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ láìmọ ìdí. Nila gbé káàdì náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń wo ojú ara rẹ̀, bí ẹni ń dá ènìyàn kan mọ̀ láàárín èrò.

Ó ti lọ kí Bacarra láti ìgbà náà, ó sì ti padà wọlé láìsí ẹni tó dá a dúró. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Hawaii kò dé inú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀, aya Fermin ló ṣì jẹ́. Àwọn obìnrin a pàdé rẹ̀ lọ́nà ọjà.

"Ọkọ rẹ ńkọ́, Nila?"

"Ó wà."

"Bá wa kí i o."

Á wo ẹ̀yìn díẹ̀, bí ẹni pé Fermin ń tẹ̀ lé e bí Adelaida ṣe ń tẹ̀ lé Fermin, á sì rọra dáhùn pé ó ti gbọ́.