Ojú Tí Ó Là Nínú Ilé Opó

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kìíní ọdún 1992, ní Ìwàrò-Ọ̀kà, ni Mọ́nsúrátù, opó Sàídì, kọ́kọ́ pàdé Mọ́júbọ́lá, nọ́ọ̀sì tí ó bá àwọn oníwàásù ìjọ kan wá láti Ìkàrẹ́. Bẹ́ǹṣì ni nọ́ọ̀sì náà wá yá. Aláìsàn ti kún ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó kò tó, ẹnìkan sì ti sọ fún un pé bẹ́ǹṣì wà ní ilé olóògbé Sàídì láti ìgbà àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ilé ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mọ́nsúrátù nìkan ni ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú aṣọ opó rẹ̀.

Ó gbọ́ ohùn obìnrin kan tí ó kí i. Ohùn náà rinlẹ̀, ó sì ní sùúrù, ó fi dá Mọ́nsúrátù lójú pé àgbàlagbà bí i tirẹ̀ ni. Ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní kí wọ́n kó bẹ́ǹṣì náà lẹ́bàá ògiri, ó sì nawọ́ síbẹ̀. Igi ìdáná ni ó nawọ́ sí. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àlejò náà pé ó lọ síbẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ohùn náà tún sún mọ́ ọn.

“Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ìka mélòó ni mo nà sókè yìí?”

“Ẹ̀yin ni ẹ wá yá bẹ́ǹṣì,” ni Mọ́nsúrátù wí, “ẹ̀yin náà ni ẹ tún fẹ́ kọ́ mi ní ìṣirò?”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀.

Ọmọ Ọ̀bà-Àkókó ni Mọ́nsúrátù. Iṣẹ́ gbodo ni ó bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, òun náà ni ó gbé wọ ilé ọkọ ní Ọ̀kà. Ní ilẹ̀ wa, Ọlọ́run kò fi àpáta ṣahun: ẹni tí ń ṣe èlùbọ́ yóò bẹ iṣu, yóò bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, yóò sì sá a sórí àpáta títí yóò fi máa dún bí a bá fi méjì kan ara wọn. Ọ̀tá gbodo kò ju òjò àìròtẹ́lẹ̀ àti ewúrẹ́ lọ, ojú ni a sì fi ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Nígbà tí awọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú Mọ́nsúrátù, kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Sàídì ti ń jókòó létí àpáta lójoojúmọ́, tí ń bá a wo ojú ọ̀run, tí ń sọ òkò sí ewúrẹ́, tí ó sì ń bú wọn bí ẹni tí wọ́n jẹ gbèsè. Àwọn ará ilé ní ìfẹ́ ni kò jẹ́ kí ọkùnrin náà lè fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Ìfẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú wà nínú ìfẹ́ náà. Ọjọ́ tí Sàídì kú ni Mọ́nsúrátù tó fọ́jú tán.

Obìnrin Mùsùlùmí tí ọkọ rẹ̀ bá kú yóò ṣe opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá nínú ilé ọkọ náà. Tákàbá ni à ń pè é. Mọ́nsúrátù kò tíì lo ìdajì tirẹ̀ nígbà tí wọ́n kéde pé àwọn oníwàásù ń mú dókítà ojú bọ̀. Raheem, àbúrò Sàídì tí ó di olórí ilé, ní kí gbogbo ẹni tí ara ń ni máa lọ, ṣùgbọ́n kí a má dárúkọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun, nítorí opó kì í jáde. Lójú tirẹ̀, ẹkún ni ó kàn mú ojú obìnrin náà ṣú. Àwọn oníwàásù, ní apá tiwọn, ti fi ẹnu kò pé àwọn kò ní wọ ilé ọ̀fọ̀ láti wá aláìsàn, kí ará ìlú má baà sọ pé ikú ni wọ́n fi ń wá ọmọ ìjọ. Olúkúlùkù ń bọ̀wọ̀ fún ẹnìkejì, àárín ọ̀wọ̀ méjèèjì ni Mọ́nsúrátù sì jókòó sí nínú òkùnkùn.

Nọ́ọ̀sì náà wá ṣàlàyé fún un pé awọ náà ṣeé yọ. Ní ọjọ́ kejì ni dókítà yóò ṣiṣẹ́ abẹ. Bí ìsìn ọjọ́ Àìkú bá ti parí, wọn yóò kọjá sí Ifira àti Ìṣùà, wọn kò sì ní padà sí Ọ̀kà kí ọdún mìíràn tó dé.

“Mo fẹ́ kí ojú mi là,” ni Mọ́nsúrátù wí. “Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni ó kù tí mo lè ṣe fún Sàídì, òun náà ni kí n jókòó yìí dé òpin. N kò ní já a láàárín.”

Mọ́júbọ́lá kó bẹ́ǹṣì lọ, Mọ́nsúrátù sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Kò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì náà lọ dúró de Raheem lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Kí oòrùn tó rọlẹ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀ púpọ̀ lágbàlá: Raheem ni, pẹ̀lú Áfáà Suleiman, àti Mọ́júbọ́lá, àti Pásítọ̀ Ilésanmí tí ó jẹ́ olórí àwọn oníwàásù. Inú ń bí Raheem. Ó ní ohun tí ayé yóò wí ni pé erùpẹ̀ orí sàréè ẹ̀gbọ́n òun kò tíì gbẹ tí àwọn onígbàgbọ́ fi gba ìyàwó rẹ̀. Áfáà ní kí Mọ́nsúrátù gbé ojú sókè, ó sì sún mọ́ ọn wò.

“Raheem, inú ilé yìí ni mo ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ,” ni Áfáà wí. “N kò mọ̀ pé ẹni tí mo ń bá kẹ́dùn kò rí mi.”

Ó wá ṣàlàyé pé bùkátà ni ìwòsàn, òfin sì gba opó láyè láti jáde lójúmọmọ nítorí bùkátà. Ṣùgbọ́n inú ilé ọkọ rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ sùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tún ti há. Pásítọ̀ Ilésanmí ní dókítà kì í jẹ́ kí ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún kúrò lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí bí ó bá fi ọwọ́ ra ojú náà lójú oorun, ó lè bàjẹ́ pátápátá. Òfin méjì dojú kọ ara wọn, kò sì sí èyí tí ó fẹ́ yà fún èkejì.

“Bí Ìyá kò bá lè sùn lọ́dọ̀ wa,” ni Mọ́júbọ́lá wí, “èmi lè sùn lọ́dọ̀ Ìyá.”

Raheem bi í bóyá yóò wàásù. Ìwàásù ni ó gbé nọ́ọ̀sì náà kúrò ní Ìkàrẹ́, ẹnu sì ń yún un, síbẹ̀ ó wí pé:

“Bí Ìyá bá bi mí, n ó dáhùn. Bí wọn kò bá bi mí, oògùn ni n ó máa kán sí wọn lójú.”

Áfáà rẹ́rìn-ín, ó ní bí irú obìnrin tí ó lè pa ẹnu mọ́ báyìí bá ṣẹ́ kù ní Ìkàrẹ́, kí wọ́n bá òun mú ọ̀kan wá. Pásítọ̀ gbà, Raheem náà sì gbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Safurat, ìyàwó ọmọ rẹ̀, di Mọ́nsúrátù lọ́wọ́ mú lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Aládùúgbò kan kígbe láti ojú fèrèsé pé ṣé Mọ́nsúrátù ti di Màríà ni. Ó fèsì pé bí òun bá di Màríà, kí ó wá máa pọn omi ìwẹ̀ fún òun. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, dókítà ní kò gbọdọ̀ mi ètè rẹ̀ pàápàá, nítorí náà inú ọkàn ni ó ti ń pe Ọlọ́run títí iṣẹ́ fi parí. Ojú ọ̀tún nìkan ni dókítà ṣe, wọ́n dì í, ó sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀.

Àkókò ìrun dé. Omi kò gbọdọ̀ kan ojú náà. Safurat rántí tàyámọ́mù, àlùwàlá tí a ń fi iyẹ̀pẹ̀ tàbí òkúta ṣe nígbà tí omi kò bá ṣeé lò, ó sì bu iyẹ̀pẹ̀ wá. Mọ́júbọ́lá kọ̀, ó ní iyẹ̀pẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ìtòsí ojú náà. Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Mọ́nsúrátù gbọ́ bí ó ti ń fi ọṣẹ fọ nǹkan, tí ó ń ṣàn án, tí ó tún ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí ó padà, ó gbé òkúta kan tí ó ti fi aṣọ mímọ́ nù gbẹ lé e lọ́wọ́, ó ṣì gbóná díẹ̀ nítorí pé ó ti yá a níná.

“Ẹ rọra, Ìyá. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ yín kan ibi tí a dì.”

Mọ́nsúrátù di òkúta náà mú fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó kírun. Kò sí onígbàgbọ́ kan tí ó tíì bá a tọ́jú àlùwàlá rí. Nígbà tí ó kírun tán, ó gbọ́ bí nọ́ọ̀sì náà ti kúnlẹ̀ sórí ẹní tirẹ̀, tí ó ń gbàdúrà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Mọ́júbọ́lá tú aṣọ ojú náà. Ìmọ́lẹ̀ ni Mọ́nsúrátù kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ó rí ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ó rí Raheem tí ó dúró níbẹ̀ tí kò lè wọlé. Ó wo ọmọbìnrin kékeré tí ó wà níwájú rẹ̀, ó wá wò yíká.

“Ìyá nọ́ọ̀sì dà?”

“Èmi nìyí, Ìyá.”

“Ìwọ? Ọmọ tí kò ju Safurat lọ ni mo ti ń fi ẹ̀yin kí láti ọjọ́ Jímọ̀?”

Raheem rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Mọ́nsúrátù fúnra rẹ̀ wá bi Mọ́júbọ́lá ohun tí ó ń sọ lórí ẹní. Nọ́ọ̀sì náà dáhùn gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣèlérí: ó sọ ẹni tí òun ń gbàdúrà sí, ó sì sọ pé ojú náà ni òun ń tọrọ. Mọ́nsúrátù ṣe àmín, ó sì padà sórí ìjókòó opó rẹ̀.

Ó parí tákàbá náà pé pérépéré. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá gbodo, ó sì ń tà á, ojú òsì rẹ̀ sì ń retí ìgbà tí àwọn ará Ìkàrẹ́ yóò tún dé. Ẹ̀yin ará tí ẹ ń bá ìjọ jáde lọ sí ìletò, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó di ẹrù yín, ẹ béèrè ní ilé kọ̀ọ̀kan bóyá ẹnìkan wà nínú yàrá tí kò lè jáde wá.