Nọ́ńbà Tí Oddvør Hun Mọ́ Ìborùn

Oddvør jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

Ẹ̀gbọ́n Heini ló fẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n náà sì ti kú. Abúlé kan náà ni gbogbo wa ń gbé, ní erékùṣù Sandoy. Nígbà kan, Heini tẹ̀ ba ní èbúté láti kí àlùfáà, àgbò sì kàn án sókun láti ẹ̀yìn. Heini jáde. Ṣòkòtò rẹ̀ kò jáde. Láti ìgbà náà, a kì í jókòó mu kọfí kí Oddvør má sọ ọ́. Heini fẹ́ kó dákẹ́.

Nígbà òtútù, Oddvør hun ìborùn gígùn kan. Ó hun nọ́ńbà tó rí nínú ìwé ìròyìn mọ́ ọn: 73939133. Ká ní àgùntàn ni, o ò lè kó wọn sí ọgbà méjì tàbí mẹ́ta tàbí iye yòówù kí wọ́n dọ́gba, àfi kí kálukú ní ọgbà tirẹ̀. Kò ṣe é pín.

Ó gbé e wá síbi kọfí.

“Ọkọ mi kékeré,” ló wí, “tú u láti ìparí. Ibi tó wù ẹ́ ni kó o dúró. Bí èyí tó kù bá ṣe é pín, mi ò ní dárúkọ àgbò mọ́ láyé. Bí kò bá ṣe é pín títí, ìwọ lo máa dìde sọ ìtàn yẹn.”

Heini yíjú sí wa. “Ṣé ẹ̀ ń gbọ́? Ẹnu ìyàwó wa máa pa dé lónìí.”

Ó di etí ibi tí 7 wà mú, ó fà á. Ńṣe ló ń fún sí i.

“Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ kì í tú. Ṣé o ò rí obìnrin tó ń hunṣọ rí ni?”

Ó lọ sí etí kejì. 3 lọ. Bjørg ọmọ rẹ̀ fi fóònù wò ó.

“Kò pín, Bàbá.”

3 kejì lọ.

“Kò pín.”

“Kí ló dé? Mẹ́ta ló kún inú ẹ̀ yìí! Ó gbọ́dọ̀ pín sí mẹ́ta!”

“Kò pín, Bàbá.”

Ó ń tú u lọ, ó ń làágùn. Òwú bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Rọra o,” Oddvør wí, “má tú u dé ṣòkòtò.”

Ó ku 7 nìkan.

“Ó yá, pín in.”

Heini na kọ́ọ̀bù rẹ̀. “Ẹ bu kọfí fún mi.”

Ó dìde, ó sọ ọ́. Ó ní àlùfáà na ọwọ́ láti fà á jáde, ó rí ohun tó rí, ó fi ọwọ́ náà bojú, Heini sì padà sómi. Oddvør kò mọ apá yẹn. A rẹ́rìn-ín débi tí Bjørg fi wà nílẹ̀.

“Tún un sọ!”

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣẹlẹ̀,” Oddvør bẹ̀rẹ̀.

“Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà nínú omi sọ̀rọ̀.”

Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì sẹ́ni tó bi Oddvør léèrè tirẹ̀ mọ́. Oddvør kó òwú rẹ̀, ó lọ sílé kí wọ́n tó gé kéèkì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, pòtétò tútù àti ẹja gbígbẹ ló dá jẹ.