Òjò ọjọ́ mẹ́ta ní Kútọnu

Nígbà tí ìjọba Kérékou ní kí gbogbo wa ní Benin máa pe ara wa ní kamaráàdì, Bàbá mi, tíṣà ní Parakou, kó èmi àti Màmá lọ wo òkun ní Kútọnu. Ọjọ́ mẹ́ta lòjò fi rọ̀, inú yàrá la wà. Bàbá kò bá mi ta ayò. Màmá tí kò wọ ilé ìwé rí ló ń kọ́ bó ṣe máa kọ orúkọ ara rẹ̀. Ta ní ń kàwé létí òkun? Mo bínú débi pé n kò bá Bàbá sọ̀rọ̀ títí a fi padà délé ní Titirou, àdúgbò wa ní Parakou. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn sójà wá mú Bàbá.

Nígbà tí a gbé oúnjẹ lọ fún Bàbá, lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n, wọ́n ní ẹni tí kò bá lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kó gbé oúnjẹ rẹ̀ padà. Màmá gba gègé lọ́wọ́ wọn, ó kọ orúkọ rẹ̀.