Ahọ́n Tí Ìtẹ́ Kò Wò

Ìtẹ́olúwakìṣí, Ìtẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é, ti lo ọdún méjì nídìí ìṣègùn àwọn ará Ṣáínà ní ilé ìtọ́jú kan ní Ring Road, àwọn tó máa ń fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gún ara kí ìrora lè rọlẹ̀. Ọdún méjì o, kò tíì gún ẹnikẹ́ni, àfi ìrọ̀rí àti itan ara rẹ̀. Ọjọ́rú yìí ni Dókítà Akínlolú, ọ̀gá wọn, ní òun á jẹ́ kó gún èèyàn. Ẹ ò rí i bí inú rẹ̀ ṣe dùn! Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ aṣọ funfun rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Dókítà ní òfin kan. Kí abẹ́rẹ́ tó kan ara aláìsàn, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó gbọ́ tẹnu rẹ̀, kó wo ahọ́n rẹ̀, níbi tí ìṣègùn wọn ti ń mọ àìsàn, kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ìtàn, kó wá kà á sí i létí. Tí aláìsàn bá ní, "Èmi gan-an nìyí," iṣẹ́ yá.

Ìyá Mọ́ṣúdù ni wọ́n fún Ìtẹ́, ìyá àgbà tó ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ṣàngó. Orí ló ń fọ́ wọn, wọn kì í sì í rí oorun sùn. Ìtẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, ó bi wọ́n ní èyí, ó bi wọ́n ní tọ̀hún, ó ń kọ ọ́. Ó wá kan ahọ́n. Ha! Kí ọmọ ọdún mọ́kànlélógún sọ fún ẹni tó tó ìyá ìyá rẹ̀ pé kó yọ ahọ́n síta? Nílé tiwọn, ẹni tó bá yọ ahọ́n sí èèyàn, ìgbájú olóòyì ló máa jẹ. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó dìde. Nígbà tó dé ìdí tábìlì, ó kọ ọ́ látinú orí ara rẹ̀ pé ahọ́n ìyá mọ́, ó pọ́n díẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni ahọ́n gbogbo èèyàn rí.

Ìgbà kíkà tó. Dókítà jókòó. Luke, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, gbé àwo abẹ́rẹ́ dúró. Ìtẹ́ ń kà á ketekete, ìyá ń mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni." Bó ṣe ka ti ahọ́n, ìyá gbójú sókè.

"Dúró ná. Ahọ́n ta ni?"

"Tiyín ni, mà."

"Tèmi? Ìgbà wo lo rí i? Àbí ó jáde wá kí ọ nígbà tí mo wo ẹ̀yìn?"

Luke bú sẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n la ẹnu, wọ́n na ahọ́n síta fún gbogbo wọn. Eyín ti gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, egbò rẹ̀ ṣì pupa.

"Látìgbà tí bàbá Mọ́ṣúdù ti kú ni mo ti ń gé e jẹ lójú oorun. Oorun gan-an ń bà mí lẹ́rù. Mo rò pé ọmọ tó ń kọ̀wé yìí á dé ibẹ̀. O bi mí ní ọṣẹ tí mo fi ń wẹ̀, o ò bi mí ní ahọ́n."

Dókítà ò pariwo. Ì bá kúkú pariwo!

"Kí ló dé tí o ò wò ó?"

"Ojú ló tì mí, sà. Àgbà ni wọ́n."

"Ojú tì ọ́ láti béèrè, kò wá tì ọ́ láti purọ́ mọ́ wọn?"

Ìtẹ́ wólẹ̀ níwájú ìyá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà."

"Dìde. Ṣé kí o lè bọ̀wọ̀ fún mi ni mo ṣe wọ mọ́tò wá síbí? Ọ̀wọ̀ pọ̀ nílé mi. Wò mí!"

Ó wò ó. Ó béèrè, ó kọ òmíràn, ó kà á. Ìyá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, èmi gan-an nìyí." Ṣùgbọ́n Dókítà fúnra rẹ̀ ló gba àwo lọ́wọ́ Luke, òun ló gún ìyá. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ Ìtẹ́.

Kò pẹ́, oorun gbé ìyá lọ. Dókítà ní kí Ìtẹ́ dúró tì wọ́n, kó máa ṣọ́ ẹnu wọn kí wọ́n má baà gé ahọ́n jẹ. Ó dúró nínú aṣọ funfun tó lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wo ẹnu àgbà, ìtìjú ò jẹ́ kó lè gbé ojú lé ibòmíràn.