Tíṣà Ògúnṣọlá, ẹni tó ń dán íńtánẹ́ẹ̀tì wò

Ọjọ́ tí Tíṣà Ògúnṣọlá ju odindi iṣu àti òkúta kékeré sílẹ̀ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé rẹ̀, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ n'Ìkẹ́rẹ́. Ìkànnì fìsíìsì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló sọ pé bí a bá ju ohun tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á jọ kan ilẹ̀ ni. Tíṣà ní òun ò ní í fi ọ̀rọ̀ ẹni tí òun ò mọ̀ rí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, àfi bí òun bá dán an wò. Ó kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jọ sísàlẹ̀, ó gun òkè, ó sì ju méjèèjì sílẹ̀. Gbì!

"Ìkànnì yìí kì í purọ́!" Tíṣà ń fò sókè.

Felicia ìyàwó rẹ̀ sáré yọ láti kíṣìnnì. "Bàbá Fẹ́mi! Ṣé uṣu tí mo fẹ́ gún nìyẹn?"

"Má bínú, ìyá Fẹ́mi. Ilẹ̀ ti bá ọ gún un dé ìdajì."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, àfi Ìbíwùmí. Ìbíwùmí ti fìdí rẹmi nínú fìsíìsì lọ́dún tó kọjá, Fámúrewá bàbá rẹ̀ sì ti búra pé bó bá tún fìdí rẹmi, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló kàn. Iṣẹ́ aránṣọ kò burú, ṣùgbọ́n ẹnjiníà ló wu ọmọ náà. Ó fẹ́ mọ ohun tó fà á tí iná fi máa ń lọ tí kì í tètè dé.

Ọdún 2002 nìyẹn, Ṣèyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sáíbà kafé rẹ̀ ni. Bí àwọn yòókù ṣe ń wá físà níbẹ̀, Tíṣà ń wá ìkànnì fìsíìsì tó dára. Èyí tó bá rí, á ní kí Ṣèyí tẹ ojú ìwé kan jáde, á wá fi báírò pupa máàkì í bí ìwé ọmọ iléèwé. "Àwòrán pọ̀, ọgbọ́n kò tó." "Aláròyé ni ọ̀gbẹ́ni yìí." Lọ́jọ́ kan, ó rí ìkànnì tó fi ẹni tó ń rìn lórí yìnyín ṣàpẹẹrẹ bí nǹkan ṣe ń yọ̀.

"Ṣèyí, ta ló rí yìnyín rí n'Ìkẹ́rẹ́? Sọ fún wọn kí wọ́n fi àpáta Olósùnta wa níbí ṣe é. Òjò rọ̀, ẹsẹ̀ yọ̀, ìdí balẹ̀. Kí ló tún kù?"

"Tíṣà, èmi kọ́ ni mo ni íńtánẹ́ẹ̀tì o."

"Ìwọ ni mo rí."

Ìbíwùmí máa ń tẹ̀ lé e lọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tó ka ìkànnì mẹ́ta lórí iná mànàmáná tí kò sì yé e, ó bú sẹ́kún. "Sà, bóyá orí mi ló dí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bí ọbẹ̀ kò bá dùn, ṣé ẹnu ẹni tó ń jẹ ẹ́ la máa bá wí?"

Sátidé márùn-ún ni Tíṣà fi wá èyí tó máa yé e kiri kó tó rí ìkànnì arúgbó olùkọ́ kan, tó fi omi inú páìpù ṣàlàyé bí iná ṣe ń rìn nínú wáyà. Bó ṣe yé Ìbíwùmí, ó hó yèè. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí i kú oríire, ó rò pé físà rẹ̀ ló dé.

Ní sáíbà yẹn kan náà ni wọ́n ti wo èsì ìdánwò Ìbíwùmí. Tíṣà kọ̀, kò wọlé. Ó dúró lẹ́bàá gọ́tà, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.

"Sà! Mo pàásì!"

Nígbà tó máa yíjú padà, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. "Ìbíwùmí, ẹ̀ẹ̀mejì lèmi fìdí rẹmi nínú fìsíìsì. Kò sẹ́ni tó bá mi wá ẹni tó máa ṣàlàyé rẹ̀ yé mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Ìbíwùmí kò sọ, àfi lọ́jọ́ ìsìnkú Tíṣà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí wọ́n ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ ọ́ tán, ó tọrọ àforíjì pé òun tú àṣírí òkú. Ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn. "Ó sọ fún èmi náà, ó ní kí n má sọ." Obìnrin kan dìde. Ẹlòmíràn tún dìde, títí wọ́n fi lé ní ogún, olúkúlùkù ti pa àṣírí kan náà mọ́ láti ọjọ́ tí Tíṣà ti sọ ọ́ fún un. Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú gbogbo wọn.